Ọjọ́bọ̀ Ọpẹ́ ní Ọ́fíìsì Olóyè Dáhùnsí

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jẹ ẹ́ tán ná kí ẹ tó ka ìtàn yìí, nítorí ìfun wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ìfun ẹran o, ìfun ènìyàn ni. Olóyè kan náà wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá bi mí léèrè pé èwo nínú méjèèjì ló ń rí mi lára jù, màá ní kí ẹ kà á dé òpin, kí ẹ fúnra yín dáhùn.

Olóyè náà ni Olóyè Ọ̀mọ̀wé Àjàmú Dáhùnsí, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìfọwọ́sí ní Àjọ Ìlera Aláàbò. Ọ́fíìsì wọn wà ní Àpápá, lójú ọ̀nà tí àwọn tírélà ń gbà lọ sí èbúté. Iṣẹ́ àjọ yìí kò ṣòro láti ṣàlàyé. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó lára owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté, kó lè jẹ́ pé bí àìsàn bá dé, àjọ ni yóò sanwó ilé ìwòsàn. Ìdajì àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà, ìyẹn owó yíyọ, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ìdajì kejì ni wọ́n gbé lé Olóyè Dáhùnsí lọ́wọ́.

Ta ló fi í joyè? Ẹ má bi mí. Níbo ló ti gba ọ̀mọ̀wé? Ó ní òkè òkun ni, kò sì sọ òkun èwo. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé àkọlé orúkọ rẹ̀ gùn ju ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ. Káfíńtà tó kàn án mọ́ ògiri bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó kàn án kọjá lókè ẹnu ọ̀nà, ó sì parí rẹ̀ sí ara ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tó fi jẹ́ pé àlejò tí kò mọ ilé náà lè rò pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló gboyè ọ̀mọ̀wé. Nínú yàrá, orí pèpéle ni wọ́n gbé àga rẹ̀ kà. Àwọn àga àlejò, ó ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn kúrú, kí gbogbo ẹni tó bá jókòó níwájú òun lè máa gbójú sókè wo òun. Òǹtẹ̀ ìfọwọ́sí wà lórí aṣọ àrán nínú àwo kan lórí tábìlì. Eruku ti bò ó, nítorí pé kì í sábà lò ó.

Bí ó bá wọlé láàárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ a dìde dúró, Tinú akọ̀wé rẹ̀ a sì máa pe oyè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dé orí àga. Bí ó bá sín, wọn a pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kan tó sín lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, olùṣirò owó àjọ sọ pé irú ìsín báyìí, àwọn ènìyàn ńlá nìkan ló ń sín in. Ìparí oṣù yẹn ni wọ́n fi owó kún owó oṣù rẹ̀.

Èyí tó wá gba iwájú gbogbo rẹ̀ ni Ọjọ́bọ̀ Ọpẹ́. Olóyè ṣàkíyèsí pé ẹkún àti àròyé ni àwọn ènìyàn ń gbé wá sí ọ́fíìsì òun, èyí sì ń ba ẹwà ibẹ̀ jẹ́. Ó wá pàṣẹ pé ẹni tó bá ní àròyé, kó gba ọjọ́. Ọjọ́ náà a sì máa jìnnà bí ẹni pé Mẹ́kà ni wọ́n ní kó rìn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́, kó wá ní Ọjọ́bọ̀, kó wọlé tààrà, kó sì dúró síwájú kámẹ́rà. Lucky tó jẹ́ oníkámẹ́rà wọn a gbé e sórí Fesibúùkù lójú ẹsẹ̀, kí gbogbo ayé lè rí i bí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olóyè.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lórí pèpéle rẹ̀ ná, ká lọ wo Sùlè.

Sùlè ń kó ẹrù ní èbúté, Olódì-Àpápá ló sì ń gbé. Kò ga, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ fẹ̀. Onítìjú ènìyàn ni, kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Lọ́jọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́, inú rírun kọlù ú, ó ṣubú lulẹ̀. Onoriode tó jẹ́ fọ́máànù wọn gbé e sínú ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn. Ìfun rẹ̀ ló lọ́ pọ̀, apá kan sì ti kú. Dókítà Fọláyọ̀, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, la ikùn rẹ̀, ó gé èyí tó ti bàjẹ́ kúrò, ó fa ẹnu ìfun tó kù síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, ó sì fi àpò ọ̀rá kan sí ibẹ̀ kí ìgbẹ́ máa bọ́ sínú rẹ̀. Ó ní kí ara rẹ̀ san ná. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òun yóò tún ikùn náà là, òun yóò so ìfun pọ̀, òun yóò dá a padà sínú, òun yóò sì pa á dé.

Àjọ sanwó iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ yẹn, nítorí pé gbogbo ikọ̀ Onoriode ló lọ dúró sí ẹnu géètì wọn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Olóyè sì gbé pátákó ńlá kan sí títì, àwòrán òun fúnra rẹ̀ gba gbogbo rẹ̀, wọ́n wá fi àwòrán Sùlè sí igun ìsàlẹ̀ bíi sítáǹpù lẹ́tà.

Báyìí ni Sùlè ṣe ń gbé pẹ̀lú àpò. Àpò yìí a máa dún nígbà tó bá wù ú, ẹni tó so ó mọ́ra kò sì lè dá a lẹ́kun. Ó dún nínú mọ́ṣáláṣí nígbà tí gbogbo ènìyàn forí kanlẹ̀, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Sùlè kò ti lọ kí Jímọ́ọ̀ mọ́. Bí àlejò bá wọlé, yóò bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Kò lè gbé ẹrù, ilé iṣẹ́ sì ti ní àwọn yóò fi àyè rẹ̀ dè é títí òjò yóò fi dá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíràn ni yóò gba ibẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, n kò sì ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Olóyè ni mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí àsìkò tó, Dókítà Fọláyọ̀ kọ̀wé sí àjọ pé ó tó àkókò láti pa ikùn Sùlè dé. Olóyè pe ìpàdé. Ó dìde, ó fa agbádá sórí èjìká, ó wo òkè bí ẹni tí ń retí kí òkè kí i.

“Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi,” ni ó wí, “ẹ̀yin tí Ọlọ́run yọ̀ǹda fún láti wà láyé nígbà tí èmi náà wà láyé! A ti wo ọ̀rọ̀ yìí láti òkè dé ilẹ̀, a sì tún wò ó láti ilẹ̀ dé òkè. Kí ni àdéhùn wa pẹ̀lú Sùlè? Pé bí ó bá di dandan, a ó sanwó kí wọ́n la ikùn rẹ̀. A kò ha ti sanwó, tí wọ́n ti là á? Ikùn kan, iṣẹ́ abẹ kan! Bí Sùlè bá ní ikùn kejì níbi tó tọ́jú rẹ̀ sí, kó gbé e wá, a ó là á fún un tayọ̀tayọ̀!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Olùṣirò owó nu ojú nù, ó ní ọgbọ́n náà ló wọ òun lára. Tinú kọ “Ikùn kan, iṣẹ́ abẹ kan” sínú férémù, ó sì gbé e kọ́ ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà Fọláyọ̀ wá fúnra rẹ̀. Wọ́n fi àga kúkúrú lọ̀ ọ́, ó wò ó, ó sì dúró.

“Olóyè, iṣẹ́ abẹ kan náà ni,” ni ó wí. “Ìdajì rẹ̀ la ṣe nígbà yẹn. Ìdajì tó kù la fẹ́ ṣe.”

“Dókítà, ta ló ní kí ẹ fa ìfun ọmọ ọlọ́mọ síta?”

“Bí mi ò bá fà á síta, ó máa kú.”

“Ṣé ó kú?”

“Kò kú.”

“Ẹ wá wò ó!” Olóyè yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. “Àjọ wa gbà á là! Kí lẹ tún ń fẹ́? Àpò yẹn, ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?”

“Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń jò nígbà mìíràn.”

“Nígbà mìíràn! Òrùlé ilé tèmi gan-an máa ń jò nígbà mìíràn. Ṣé mo wá bá yín pé kí ẹ là mí níkùn?”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Dókítà Fọláyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn gbàgà débi pé ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà àkọlé já bọ́. Wọ́n ní kí mẹ́síńjà dá a padà, ó sì dorí rẹ̀ kodò.

Sùlè ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Ràdíátù, tó ń ta bàkẹ́ẹ̀tì àti kẹ́ẹ̀gì ní Olódì-Àpápá. Òun ló mú Sùlè wá láti Ìsẹ́yìn nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ikùn kan, iṣẹ́ abẹ kan, kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó pe Onoriode, wọ́n sì jọ kọrí sí ọ́fíìsì Olóyè láti lọ bẹ̀bẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ Ọpẹ́ ni wọ́n bọ́ sí.

Ọjọ́ burúkú ni Ọjọ́bọ̀ yẹn fún Tinú. Mo gbàgbé láti sọ fún yín pé nítorí pé Olóyè kì í ṣe oore, àwọn olùdúpẹ́ ṣọ̀wọ́n. Ńṣe ni Tinú máa ń háyà wọn láti Bọ́ńdárì ní Ajégúnlẹ̀. Lọ́jọ́ náà, olóṣèlú kan ń ṣe ìpàdé ní tòsí, ó sì ń san ju bí àjọ ti ń san lọ, ni gbogbo àwọn olùdúpẹ́ bá gba ibẹ̀ lọ. Olóyè ti wọ agbádá tuntun, ó ti jókòó. Lucky ti tan iná kámẹ́rà.

“Aunty Tinú,” ni Lucky sọ sí i létí, “nobody don come o. Oga go finish us today.”

Ìgbà náà ni Tinú rí Ràdíátù àti Onoriode lẹ́nu ọ̀nà. Ó sáré bá wọn.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ wá ṣàròyé ni àbí ẹ wá dúpẹ́?”

“Tó bá jẹ́ àròyé la bá wá ńkọ́?” ni Ràdíátù béèrè.

“Ẹ máa gba ọjọ́ ni. Ó máa di ẹ̀yìn Iléyá.”

“Tó bá jẹ́ ọpẹ́ ńkọ́?”

“Ẹ wọlé báyìí-báyìí! Mínírà tútù wà níbẹ̀.”

Ràdíátù wo Onoriode. Onoriode wo àjà.

“A wá dúpẹ́ ni,” ni Ràdíátù wí.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa. Bí ènìyàn bá ṣe ọ́ lóore, ilẹ̀ kì í mọ́ tán lọ́jọ́ kejì tí ìwọ àti ẹbí rẹ yóò fi wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti dúpẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni tí ẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣe ohunkóhun, yóò yára bi yín pé, “Ọpẹ́ kí lèyí?” nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá fi lè gba ọpẹ́ náà pẹ́nrẹ́n, òun ti gbà pé òun ṣe nǹkan náà nìyẹn, kò sì sí bí òun yóò ṣe yọ ara òun. Ọmọ ọwọ́ nìkan ni kò mọ èyí. Ọmọ ọwọ́ àti Olóyè Dáhùnsí.

Ràdíátù wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú pèpéle. Onoriode dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lucky bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò.

“Ẹ̀yin Olóyè, ẹ kú oore o,” ni Ràdíátù bẹ̀rẹ̀. “Orúkọ mi ni Ràdíátù, ẹ̀gbọ́n Sùlè, òṣìṣẹ́ èbúté tí ìfun rẹ̀ wà níta. A wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ ní kí wọ́n dá ìfun rẹ̀ padà, pé ẹ ní kí wọ́n pa ikùn rẹ̀ dé, pé ẹ ò jẹ́ kó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ̀yin náà ò ní rí ìdààmú ikùn.”

Tinú rántí orúkọ náà. Ó yẹ kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé Sùlè yìí náà ni wọ́n kọ̀ fún ní ìpàdé. Ṣùgbọ́n àṣẹ Olóyè ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá òun lẹ́nu níwájú kámẹ́rà, ó sì ti lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ikọ́ lásán. Olóyè fúnra rẹ̀ kò rántí orúkọ Sùlè mọ́. Kì í rántí orúkọ ẹni tó bá kọ̀ fún. Ikùn lásán ni gbogbo wọn jẹ́ lójú rẹ̀. Ohun tó rí ni obìnrin kan lórí eékún, ọkùnrin kan lórí àyà, àti iná pupa kámẹ́rà.

“Kò tọ́pẹ́,” ni ó wí.

Ẹ gbọ́ ọ o. Kò tọ́pẹ́! Ìbá dákẹ́ síbẹ̀ ìbá sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ń yún un lẹ́nu.

“Kò tọ́pẹ́ rárá! Nígbà tí ọ̀ràn ọmọkùnrin yìí dé etígbọ̀ọ́ mi, oorun dá lójú mi. Àwọn kan ní kí a má ṣe é. Mo lu tábìlì! Mo ní, ‘Níwọ̀n ìgbà tí èmi Àjàmú Dáhùnsí bá wà lórí àga yìí, ikùn ọmọ Àpápá kan kò ní wà ní ṣíṣí!’”

Onoriode gbé orí sókè láti ilẹ̀. “Oga, God go bless you. So make doctor start?”

“Ṣé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?” Olóyè bínú gan-an. “Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíá! Ẹ sọ fún dókítà pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀. Gbogbo owó rẹ̀, àwa ni!”

Wọ́n fún Ràdíátù ní mínírà. Ó gbé e lọ sílé fún Sùlè, kò tọ́ ọ wò.

Kí wọ́n tó dé Olódì-Àpápá, fídíò náà ti ń lọ láti fóònù dé fóònù. Dókítà Fọláyọ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe Tinú pé kó fi nọ́ńbà àṣẹ ránṣẹ́, nítorí pé láìsí i, ilé ìwòsàn kò ní gba aláìsàn wọlé.

“Ṣé òótọ́ ni ohun tí ọ̀gá yín sọ yìí?” ni ó bi í.

Tinú rò ó wò. Bó bá ní kì í ṣe òótọ́, ó ti pe Olóyè ní onírọ́. Bó bá lọ bi Olóyè, ó ti sọ fún un pé ó ṣe àṣìṣe. Láti ọdún tó ti ń bá a ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó dán èyí wò.

“Dókítà,” ni ó wí nígbẹ̀yìn, “tí Ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀, ó parí.”

Ó fi òǹtẹ̀ inú àwo lu ìwé náà. Eruku mú un sín.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, Sùlè ti wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, wọ́n sì ti ní àárọ̀ yẹn ni wọn yóò gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Àárọ̀ yẹn kan náà ni gbogbo ẹni tí Olóyè ti kọ̀ fún, tí wọ́n ti wo fídíò Ràdíátù, wọ bàtà, ó di ọ́fíìsì rẹ̀.

Wọ́n wá láti Ajégúnlẹ̀. Wọ́n wá láti Marine Beach. Àwọn kan wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Snake Island. Ìlà wọn yí ọgbà ká, ó jáde sí títì, àwọn awakọ̀ tírélà sì ń bọ́ sílẹ̀ wá béèrè bóyá ìrẹsì ni wọ́n ń pín. Ese tí wọ́n fi irin so egungun ìbàdí rẹ̀ pọ̀ wá pẹ̀lú ọ̀pá. Ó wá dúpẹ́ fún ìtọ́jú ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ̀ láti sanwó rẹ̀. Fàtáì awakọ̀ wá dúpẹ́ fún oògùn ọkàn tí wọ́n ní kì í ṣe ara iṣẹ́ abẹ ọkàn. Bàbá arúgbó kan tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ tún ojú kan ṣe fún wá dúpẹ́ fún ojú kejì.

Olóyè wo ojú fèrèsé, ọkàn rẹ̀ sì wú. “Tinú,” ni ó wí, “wo bí wọ́n ti fẹ́ràn mi tó! Bóyá kí n kúkú díje fún gómìnà.”

“Ó ti pẹ́ tó yẹ kí ẹ ti ṣe é, sà,” ni Tinú dáhùn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. “Ẹ ṣé fún ẹsẹ̀ mi, sà.” “Kò tọ́pẹ́!” “Ẹ ṣé fún oògùn mi.” “Kò tọ́pẹ́!” “Ẹ ṣé fún ojú mi.” “Kò tọ́pẹ́, bàbá! Ẹ jókòó sórí àga yẹn, ẹ rọra o, ó kúrú.” Lucky ń ya fídíò lọ, àwọn tó ń wò ó lórí Fesibúùkù sì ń pọ̀ sí i. Ó tó bí ọ̀sán kí olùṣirò owó tó wọlé, tí aṣọ rẹ̀ ti tutù mọ́ ọn lára, tó sì sọ sí Olóyè létí pé gbogbo ọpẹ́ tó ń gbà yìí, àjọ ni yóò sanwó rẹ̀.

Ojú Olóyè yí padà. Ó bi í pé ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní Sùlè ni. Ó bi í pé Sùlè wo. Wọ́n tọ́ka sí férémù ara ògiri.

Ó gbá fóònù mú, ó pe ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan ló gbé e.

“Èmi ni Olóyè Ọ̀mọ̀wé Dáhùnsí! Ẹ dá iṣẹ́ abẹ Sùlè dúró!”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ikùn rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí.”

“Ẹ pa á dé padà!”

“Ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nìyẹn, sà,” ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì rọra gbé fóònù sílẹ̀.

Olóyè padà sí iwájú èrò. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúpẹ́ mọ́.”

“Ẹ ò rí ìrẹ̀lẹ̀!” ni àwọn èrò pariwo.

“Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan fún yín!”

“Àwọn ẹni ńlá kì í sọ pé àwọn ṣe é!” Ese kígbe, ó sì gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. Wọ́n bú sí orin. Àwọn kan dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá olójú kan sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀, ó ní irú ènìyàn báyìí kò wọ́pọ̀.

Inú wá bí Olóyè débi tí kò rí kámẹ́rà mọ́. Ó fò sórí àga rẹ̀, ó sì pariwo: “Ṣé ẹ ò gbọ́ èdè ni? Láti ọjọ́ tí mo ti dé orí àga yìí, mi ò fi ìfẹ́ inú mi fọwọ́ sí nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni rí! Gbogbo yín ni mo kọ̀ fún! Mi ò tilẹ̀ ka ìwé yín! Owó yín la ń gbà, a ò ní kí ẹ wá gbà á padà!”

Lucky, tí Olóyè fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ pa kámẹ́rà nígbà tí òun bá ń sọ̀rọ̀, kò pa á. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣe Ọjọ́bọ̀ Ọpẹ́, ọ̀rọ̀ òtítọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Arábìnrin Adéọlá, alága ìgbìmọ̀ àjọ náà, ń wò ó nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní kí awakọ̀ yí padà. Nígbà tó dé, ó fi fídíò méjèèjì han Olóyè, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá àti ti òní.

“Nínú méjèèjì, èwo lẹ purọ́ níbẹ̀?” ni ó bi í. “Ìṣẹ́jú kan lẹ ní láti fi dáhùn.”

Olóyè dìde, ó fa agbádá sórí èjìká. “Alága wa ọ̀wọ́n, ìyá rere, òpó tó gbé ilé ró, ẹ̀yin tí ẹwà yín àti ọgbọ́n yín ń bá ara wọn díje, kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí yín, kí n kí ìgbìmọ̀ yín, kí n kí àwọn òbí tó bí yín, kí n wá fi ìrẹ̀lẹ̀ rán ara mi létí oyè tí mo dì mú…”

Ìṣẹ́jú náà pé lẹ́nu ìkíni. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Arábìnrin Adéọlá bọ́ síta, ó sọ fún àwọn èrò pé ọpẹ́ tí àjọ ti gbà lójú gbogbo ayé, àjọ yóò ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí Tinú gba orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó lọ sílé. Dáhùnsí gba ẹ̀yìn jáde. Bó ti dé ibi ọkọ̀, eruku títì wọ imú rẹ̀, ó sín. Ó dúró díẹ̀, ó ń retí. Gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà lójú fèrèsé, kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

Ṣé ẹ rò pé ìtàn ti tán? Kò tíì tán. Ikùn tí wọ́n pa dé nìkan kò tó. Ó ku kí ìfun ṣiṣẹ́. Dókítà Fọláyọ̀ ti sọ ọ́ fún wọn gbangba pé bí wọ́n bá so ìfun pọ̀ báyìí, àmì kan ṣoṣo ni àwọn ń retí. Sùlè gbọ́dọ̀ só. Títí yóò fi só, kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu. Bí kò bá sì só, ó lè di pé kí wọ́n tún un là.

Ọjọ́ kìíní kọjá, kò só. Ọjọ́ kejì, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ràdíátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń ka tẹ̀sùbáà, ẹ̀rù sì ń bà á ju bó ti bà á ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, Onoriode kó gbogbo ikọ̀ wọn wá láti èbúté. Wọ́n yí ibùsùn ká, ó sì ń ròyìn bí wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Dáhùnsí, bí káfíńtà ti ń já àkọlé orúkọ rẹ̀ lulẹ̀, tí kò rí ọkọ̀ tó gùn tó láti fi gbé e.

“E remain small, dem for carry am with trailer—”

Sùlè gbé ọwọ́ sókè. “Fọ́máànù, ẹ dákẹ́ ná.”

Sùlè di irin ibùsùn mú, ó dijú. Ràdíátù dìde dúró.

Ó dún. Kò dún kékeré. Ó dún gbọnrangandan, ó gùn, aláìsàn tó wà ní ibùsùn kẹta sì yíjú wò.

“Alihamudulilahi!” Ràdíátù bọ́ sórí eékún. “Alihamudulilahi! Sùlè só! Àbúrò mi só!” Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté hó yèè, wọ́n ń gbá ara wọn lọ́wọ́, Onoriode bú sẹ́kún. Sùlè tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìró òun ń rẹ́rìn-ín, ó ń di ikùn mú, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pa òun lẹ́rìn-ín, ojú ibi tí wọ́n rán ń dun òun.

Dókítà Fọláyọ̀ ti gbọ́ ariwo wọn láti òkèèrè. Ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wọ́n.

“Ẹ bu omi fún un,” ni ó wí.